Ọ̀nà Tí Kẹ̀kẹ́ Arọ Lè Gbà ní Seattle

Láti igun Madison Street àti First Avenue ní Seattle, Amẹ́ríkà, ilé ìkàwé ńlá ìlú náà ò jìnnà, ṣùgbọ́n òkè ni gbogbo ọ̀nà ibẹ̀. Mo gùn ún díẹ̀ wò, mo sì ń mí hẹlẹhẹlẹ kí n tó dé Second Avenue. Kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni ẹ̀gbọ́n tí a jọ jáde jókòó lé. "Àbúrò, sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ kọ́ la máa gbà." Wọ́n fa fóònù yọ.

AccessMap ni wọ́n ṣí, iṣẹ́ ọwọ́ Taskar Center ní University of Washington. Ẹni tó ń lò ó ló máa sọ bí òkè tó lè gùn ṣe ga tó, bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lè sọ̀ ṣe rí, àti bóyá ó fẹ́ yẹra fún ibi ìsọdá tí etí títì ò ti dagun sílẹ̀. Madison pupa fòò lójú fóònù. Ẹ̀rọ náà ní ká gba First Avenue lọ sápá àríwá, ká gba Pike Street gòkè, ká wá gba Fourth Avenue padà. Ó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ò bẹ ẹnikẹ́ni kó ti àwọn.

Ọ̀pọ̀ máàpù ò rí ju àárín títì lọ, nítorí mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún. Nínú OpenStreetMap tí AccessMap ń lò, èyí tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní England lọ́dún 2004, èèyàn lè ya ẹ̀gbẹ́ títì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá etí rẹ̀ ga tàbí ó rẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló sì lè tún un ṣe.

AccessMap ò mọ gbogbo nǹkan o. Àwọn kọ́lékọ́lé ti fi igi dí ẹ̀gbẹ́ títì kan lọ́nà wa, fóònù ò sọ fún wa. Nígbà tí a dé ilé ìkàwé, ẹ̀gbọ́n fi ọgbọ́n ti wọn hàn mí: a wọlé láti Fourth Avenue, a gba lífìtì dé àjà kẹta, a sì jáde sí Fifth Avenue lókè lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ọ̀nà òkè àwọn nìyẹn, ì báà má sí ìwé tí àwọn fẹ́ kà.

Èkó náà wà lórí OpenStreetMap. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù Android, ẹ wa áàpù StreetComplete sórí rẹ̀. Yóò bi yín ní àdúgbò yín ohun tí wọ́n fi tẹ́ títì, àti bóyá kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn; orí OpenStreetMap ni ìdáhùn yín ń lọ.