Alápatà Àpáta

Alápatà Àpáta jẹ́ eré apanilẹ́rìn-ín tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé-iṣẹ́ Bookcraft sì tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 2011. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí òǹkọ̀wé náà sí ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1934. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú Lítíréṣọ̀ ní ọdún 1986. Eré náà fi òṣèlú ìbílẹ̀ àti ìfẹ́ oyè ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ìtàn inú eré

Olú ẹ̀dá-ìtàn ni Àlàbá, alápatà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ó jókòó sórí àpáta iwájú ilé rẹ̀, ó sì pinnu pé òun kò ní í ṣe ohunkóhun mọ́. Ìpinnu yìí ni ó dá wàhálà sílẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn kò gbà pé a lè jókòó sójú kan lásán. Wọ́n gbà pé ohun iyebíye kan wà lábẹ́ àpáta náà. Àwọn olóṣèlú àti ológun sì bẹ̀rẹ̀ sí í du ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí.

Àmì ohùn

Àkọlé kan tí a fi àmì ohùn sí níbi tí kò yẹ tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà: ẹni tí ń pa ẹran tà di olóyè. Inú èdè Yorùbá ni gbòǹgbò ẹ̀fẹ̀ yìí wà. Àpáta ni òkúta ńlá. Apata ni asà jagunjagun. Alápatà ni ẹni tí ń pa ẹran tà. Bí a bá fi oní- kún àpáta, yóò di alápàáta, ẹni tí ó ni àpáta, gẹ́gẹ́ bí Aláké ti jẹ́ ẹni tí ó ni Aké.

Àpáta àti àwọn Ẹ̀gbá

Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá ti rí ààbò ní nǹkan bí ọdún 1830, ibẹ̀ sì ni orúkọ Abẹ́òkúta ti wá. Ìlú yìí kan náà ni Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, sílẹ̀ ní ọdún 1859. Síbẹ̀, títí di òní, ọ̀pọ̀ pátákó ìpolongo ìbò àti ti ìwúyè ni a ń kọ láìfi àmì ohùn sí. Lórí irú pátákó bẹ́ẹ̀, òye òǹkàwé nìkan ni ó lè ya alápatà sọ́tọ̀ kúrò lára olóyè.