Akéwì Tí Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Kò Gbàgbé Sẹ́wọ̀n

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni ewì. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akéwì kan ní ilẹ̀ Màláwì ná.

Jack Mapanje ni orúkọ rẹ̀. Ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà sílé lọ máa kọ́ni ní yunifásítì tó wà ní Zomba. Ọdún 1981 ni ìwé ewì rẹ̀, Of Chameleons and Gods, jáde. Ààrẹ Kamuzu Banda ló wà lórí oyè, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ ta kò ó ní gbangba. Mapanje kì í la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, òwe àti àlọ́ ló fi ń bò ó. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, àbí? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí di odidi létí ìjọba.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, ọlọ́pàá mú un lọ sí ẹ̀wọ̀n Mikuyu. Wọn kò fẹ̀sùn kàn án, wọn kò sì gbé e dé ilé ẹjọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dákẹ́. Harold Pinter, òǹkọ̀wé eré, àti àwọn mìíràn ka ewì rẹ̀ sókè níwájú ilé aṣojú ìjọba Màláwì ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọlé Ṣóyínká tiwa náà dá sí i. Òun tí wọ́n tì mọ́lé láti 1967 dé 1969, ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún un? Ní 1988, wọ́n fún Mapanje ní ẹ̀bùn ewì ní Rotterdam, nígbà tó ṣì wà lẹ́wọ̀n. Oṣù karùn-ún ọdún 1991 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àti oṣù méje.

Èmi tí mo ń ṣe ìṣirò owó kò ní parọ́ fún yín: lẹ́tà kì í borí nígbà gbogbo. Ayé bẹ̀bẹ̀ fún Ken Saro-Wiwa, síbẹ̀ ìjọba Abacha so ó kọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1995. Ṣùgbọ́n ẹni tí ayé ń béèrè kì í ṣe é pa mọ́ bọ̀rọ̀.

Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdọọdún ni PEN, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àgbáyé, fi ń rántí àwọn òǹkọ̀wé tó wà lẹ́wọ̀n. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín lọ́jọ́ náà, kí ẹ jọ kọ lẹ́tà kan. Owó sítáǹbù nìkan ni yóò ná yín.