Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìgbẹ́ Kì í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí Nígbà Gbogbo

Ní Ìkirè àti ní Àpòmù, bí ẹnìkan bá wí pé òun ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ìdáhùn ti wà lẹ́nu àwọn aládùúgbò: kí ó dín ohun dídùn kù. Dòdò Ìkirè ni wọn yóò kọ́kọ́ dá lẹ́bi, lẹ́yìn náà ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí yóò dé. A kò fi àgbo ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ènìyàn sì ń rù, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àgbo.

Àrùn kan wà nínú èyí tí ara ènìyàn ń bá ìfun ara rẹ̀ jà, títí ìfun yóò fi wú, tí yóò sì di egbò. Ẹ̀yà rẹ̀ kan ni Dókítà Burrill Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àpèjúwe ní New York ní 1932. Nígbà kan, wọ́n ní àrùn òyìnbó ni. Àwọn oníṣègùn gúúsù Nàìjíríà ti rí i lára àwọn ènìyàn wa. Ẹ̀yin olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń tọrọ àyè ìgbọ̀nsẹ̀ lemọ́lemọ́ lè má jẹ́ ọ̀lẹ.

Àmì rẹ̀ wà nínú ìgbẹ́. Bí ìfun bá wú, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ a rọ́ lọ síbẹ̀ bí ọmọ-ogun, wọn a sì tú èròjà kan sílẹ̀ tí à ń pè ní calprotectin. Magne Fagerhol, ará Norway, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1980. Àmì mìíràn, CRP, tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀; ó ń sọ pé ilé ń jó, kò sọ yàrá tí iná wà.

Ẹ má ṣe rò pé calprotectin nìkan tó dájọ́. Àmébà àti jẹjẹrẹ ìfun pẹ̀lú a máa mú un ga. Bí a bá sì fún alámébà ní oògùn tí ń rọ agbára ìjà ara, ó lè pa á. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ wá àmébà, lẹ́yìn náà kí a fi ẹ̀rọ wo inú ìfun.

Èròjà yìí kì í tètè bàjẹ́. Ó lè wà fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí yìnyín. Ohun tí à ń bẹ ìjọba Ọ̀ṣun fún kò ju èyí lọ: kí a máa gba ìgbẹ́ aláìsàn ní Ìkirè àti Àpòmù, kí a sì fi í ránṣẹ́ sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn. Ìgbẹ́ ni kí ó wọ ọkọ̀, kí aláìsàn jókòó sílé.