Aáwọ̀ Fàájì àti Ìdíje nínú Super Smash Bros.

Aáwọ̀ fàájì àti ìdíje ni èdèkòyédè tó máa ń wáyé láàárín àwọn aṣeré-fàájì, ìyẹn àwọn tó ń gbá géèmù fún ìgbádùn lásán, àti àwọn olùdíje tó ń gbá a láti borí. Ó wọ́pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ṣùgbọ́n ọ̀kan lára ibi tó ti hàn gbangba jù lọ ni Super Smash Bros., géèmù ìjà tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Jàpáàn kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1999.

Masahiro Sakurai, tó darí iṣẹ́ náà ní HAL Laboratory, fẹ́ kí ẹni tí kò gbá géèmù ìjà rí lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ẹni tó bá gbá alátakò rẹ̀ jáde kúrò ní pápá ló jàre. Ènìyàn mẹ́rin lè jọ wọ ìjà kan náà, bọ́ǹbù, idà àti oríṣiríṣi ohun èlò a sì máa já bọ́ láti òkè. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá lè ṣèèṣì he bọ́ǹbù, kí ó fi lé ọ̀gá dànù. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín wà fún aṣeré-fàájì.

Melee, ìpín kejì tó jáde ní 2001 fún ẹ̀rọ GameCube, ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Nínú rẹ̀, bí akọni kan bá fò, tí ó sì yẹra gba ẹ̀gbẹ́ lọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yóò yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí ilẹ̀, yóò sì lè kọlu ẹlòmíràn bó ti ń yọ̀. Wavedash ni wọ́n ń pè é, ó sì ń gba ìdánrawò ọjọ́ pípẹ́. Àwọn olùdíje wá ṣe òfin tiwọn: ènìyàn méjì péré, ẹ̀mí mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́jọ, láìsí ohun èlò rárá. Ìdí wọn kò ṣòro láti lóye. Kò tọ́ kí ẹni tó fi ọdún gbáko dánra wò pàdánù nítorí pé àpótí kan já lulẹ̀ níwájú rẹ̀, tí ó sì bú gbàmù. Lójú àwọn yòókù, ọbẹ̀ tí a yọ iyọ̀ inú rẹ̀ ni. Wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé Fox nìkan ni wọ́n mọ̀, lórí pápá Final Destination nìkan. Àsọdùn ni, nítorí òfin ìdíje kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni yan Fox.

Nígbà tí Brawl dé ní 2008, wavedash ti pòórá. Èyí tó bí àwọn olùdíje nínú jù ni pé akọni tó ń sáré lè ṣàdédé kọsẹ̀ ṣubú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ní ìdíje Evo ọdún náà, a fi ohun èlò sílẹ̀ nínú ìjà, awuyewuye sì pọ̀. Àwọn kan tún Brawl ṣe fúnra wọn kí ó lè jọ Melee. Project M ni orúkọ iṣẹ́ wọn.

Ní 2013, àwọn olólùfẹ́ Melee dá owó tó lé ní 90,000 dọ́là fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ọmú kí géèmù wọn lè wọ Evo. Nintendo kọ́kọ́ ní kí wọ́n má ṣe gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yí ìpinnu rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan náà. Ní 2014, nínú ìpín tuntun, ìkọsẹ̀ ti lọ, ilé-iṣẹ́ náà sì pín ìjà orí íntánẹ́ẹ̀tì sí ọ̀nà méjì. For Glory kò ní ohun èlò, ó sì ń ka ìṣẹ́gun àti ìpàdánù. For Fun ní ohun èlò, ìṣẹ́gun nìkan ló sì ń kà.

Ìyẹn pín aṣeré-fàájì àti olùdíje níyà láìsí ìjà, àmọ́ kò parí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni géèmù. Ní oṣù kọkànlá 2020, lásìkò àrùn Kòrónà, Nintendo dá ìdíje The Big House orí íntánẹ́ẹ̀tì dúró nítorí pé ó fẹ́ lo Slippi, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn olólùfẹ́ Melee ṣe kí wọ́n lè máa bá ara wọn jà láti ọ̀nà jíjìn. Ní 2023, ó gbé ìlànà jáde tó fi òdiwọ̀n sí iye olùkópa àti owó ẹ̀bùn nínú ìdíje tí kò bá gba ìwé àṣẹ. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń gbá Melee. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùdíje rẹ̀ ṣì ń gbé tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gbọ̀ngbọ̀, wá sí gbọ̀ngàn ìdíje, torí pé àwòrán kì í pẹ́ hàn lórí rẹ̀ bí ọwọ́ bá ti kan pádì.