Àfojúsùn Ọdún Kan fún Ẹṣin: Láti Orí Pápá Dressage Dé Ojúde Ọba

Nínú gbogbo eré ìdárayá tí ènìyàn ń fi ẹṣin ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní dressage wà lára àwọn tó gba sùúrù jù lọ, nítorí kì í ṣe eré sísá tàbí fífo ọgbà ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, bí kò ṣe bí ẹṣin ṣe ń gbé ẹsẹ̀, bí ó ṣe ń dúró, bí ó ṣe ń yí padà, àti bí ó ṣe ń gbọ́ àṣẹ ẹni tó gùn ún láìjẹ́ pé òǹwòran rí àṣẹ náà. Pápá rẹ̀ gùn ní mítà 60, ó sì fẹ̀ ní mítà 20, pẹ̀lú lẹ́tà tí a tò sí etí rẹ̀ kí ẹlẹ́ṣin lè mọ ibi tí ó ti gbọ́dọ̀ ṣe ohun kọ̀ọ̀kan. Àwọn adájọ́ a máa fún ìṣesí kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 10, wọn a sì sọ àpapọ̀ rẹ̀ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Eré yìí ti wọ ìdíje Òlíńpíìkì láti 1912 ní Stockholm, ní 2014 sì ni Charlotte Dujardin àti ẹṣin rẹ̀, Valegro, gba 94.3% ní London, èyí tó ya àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lẹ́nu.

Láti Mushin dé Yàbá àti Súrùlérè ní Èkó, irú pápá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ẹṣin tí ojú mọ̀ ládùúgbò ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń fà kiri lọ́jọ́ ọdún kí àwọn ọmọdé lè sanwó gùn ún, tàbí èyí tí ọlọ́jọ́ ìbí gùn wọ ibi ìnáwó rẹ̀ nígbà tí àwọn onílù ń kì í. Ẹgbẹ́ Lagos Polo Club, tó ti wà láti 1904, Ìkòyí ló wà, ní òdìkejì ọ̀sà, bọ́ọ̀lù orí ẹṣin sì ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú pọ̀ lọ jàra ní Mushin àti Súrùlérè, bí ó bá sì di ọjọ́ kẹta Iléyá, ọ̀pọ̀ nínú wọn a forí lé Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba, àjọ̀dún tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, fún àyè tó fún wọn láti máa ṣe ẹ̀sìn wọn, tó sì ti di ibi tí àwọn ìdílé Balógun, irú bí ìdílé Balógun Kúkù, ti ń gun ẹṣin kọjá níwájú ọba pẹ̀lú ìlù, aṣọ àrà àti ìró ìbọn.

Kì í ṣe ohun kékeré pé ẹṣin wà níbẹ̀ rárá. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, eṣinṣin tsetse a sì máa kó àrùn tó ń pa ẹṣin ràn án níbẹ̀, nítorí náà òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra ẹṣin wá láyé àtijọ́, agbára jagunjagun ńlá àti ọlọ́lá nìkan ló sì ká a. Nígbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba tàn ká ayé ní 2024, jígí ojú rẹ̀, àmì tó fín sí ara àti sìgá ńlá ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń sọ; ẹṣin tó gbé e kò rí ẹni béèrè orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ ẹṣin lọ́jọ́ náà kò kéré. Ohun tí ẹṣin tó mọ iṣẹ́ ń ṣe níwájú Awùjalẹ̀, tí ó ń gbé ẹsẹ̀ lójú kan náà bí ẹni ń jó bàtá, kò jìnnà sí èyí tí àwọn ẹlẹ́ṣin dressage ń pè ní piaffe, tó jẹ́ ara ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹṣin kẹ́yìn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdí tí ọdún kan gbáko fi yẹ kó jẹ́ ìwọ̀n àfojúsùn fún ẹṣin, tí kì í ṣe oṣù kan, ni pé ẹ̀yà ara ẹṣin kì í lágbára lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró a máa mókun láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan; ẹran ara tó bo ẹ̀yìn àti itan a gba oṣù méjì sí mẹ́ta; ṣùgbọ́n iṣan líle tó gba ẹ̀yìn ojúgun lọ, àti egungun fúnra rẹ̀, lè gba ọ̀pọ̀ oṣù títí dé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹṣin tí kò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́ a dà bí èyí tó ti ṣetán, ẹni tó ni ín a sì fi kún iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tí ì ṣetán, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹṣin ti ń yarọ. Nítorí irú ewu yìí ni FEI, àjọ àgbáyé fún eré ẹṣin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1921, kò fi gba ẹṣin tí kò tí ì pé ọdún mẹ́jọ láyè ní Grand Prix, ìpele tó ga jù lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpele mélòó kan ló wà kí ẹṣin tó dé ibẹ̀, ẹlẹ́ṣin tó bá sì fi ọdún kan gbé ẹṣin rẹ̀ láti ìpele kan bọ́ sí èkejì kò lọ́ra rárá.

Ẹni tó ń lépa Ojúde Ọba tún ní ìṣirò mìíràn láti ṣe, nítorí ojú oṣù ni Iléyá ń tẹ̀lé, ó sì ń fi bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí ní 2024. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kan náà ni, òun sì ni ó kẹ́yìn nínú ìjọba Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wàjà ní oṣù Keje ọdún náà. Láti ọjọ́ Ojúde Ọba tí à ń lépa ni a ti ń ka oṣù padà sẹ́yìn: ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn fún iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́, oṣù méjì tó ṣáájú fún ìlù àti èrò, oṣù mẹ́ta mìíràn fún ẹ̀kọ́ tuntun, ohun tó bá sì kù lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ ti ìrìn lásán, èyí tí àwọn aláìnísùúrù kì í kà sí iṣẹ́, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ló ń mú egungun le.

Àfojúsùn tó wúlò a máa kéré débi tí ojú fi lè rí i. Kí ẹṣin “dára sí i” kò tó àfojúsùn. Kí ó dúró ṣánṣán láìja ìjánu kí oṣù kẹta tó parí, ìyẹn tó. Ìdúró yìí yẹ ní wíwò fínnífínní. Nínú ìdíje dressage, ẹlẹ́ṣin a wọlé, a dúró láàárín pápá, a sì tẹríba fún adájọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a fa ìjánu. Irin inú ẹnu a dun ẹṣin, ẹṣin a gbé orí sókè, a la ẹnu, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ a sì kù sẹ́yìn, ọ̀kan níwájú èkejì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n a kọ́kọ́ na ẹ̀yìn ara rẹ̀ ró lórí gàárì, a jẹ́ kí ìbàdí rẹ̀ ṣíwọ́ títẹ̀lé ìrìn ẹṣin, a sì di ọwọ́ mú láìfà á. Ẹṣin yóò kó ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọ abẹ́ ikùn, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ró díẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì dúró ní igun mẹ́rin. Bí ó bá ti dúró báyìí, kí ọwọ́ tú okùn ìjánu lójú ẹsẹ̀, kí a sì fi ọwọ́ pa á lọ́rùn, nítorí ìtúsílẹ̀ yẹn ni ẹṣin fi ń mọ̀ pé òun ṣe é dáadáa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó fún un.

Ẹni tó bá ti rí èyí yóò mọ ohun tó ń wò lójú àgbàlá ọba. Ẹṣin tó la ẹnu gbàgà, tí ojú rẹ̀ ràn, tí itọ́ rẹ̀ sì pọ́n, kò jó. Ìrora ló ń sá fún, bó ti wù kí àwọn èrò pàtẹ́wọ́ tó. Xenophon, ọ̀gágun ará Gíríìkì, ti kọ ìwé tako fífi ipá mú ẹṣin ní ohun tó lé ní ọdún 2300 sẹ́yìn, síbẹ̀ fífa ìjánu ṣì ni ọ̀nà àbùjá tí ọ̀pọ̀ ń gbà.

Ìbọn nìkan ni dressage kò ní irú rẹ̀. Ẹ̀rù ìró òjijì jẹ́ àdámọ́ ẹṣin, ìfaradà sì ni a ń kọ́ ọ: a lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù lókèèrè nígbà tí ẹṣin bá ń jẹun, kí a máa sún un mọ́ ọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ìró ìbọn tó tẹ̀lé e, láti òkèèrè bákan náà. Ẹṣin àgbà tí kò bẹ̀rù mọ́ ni kí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, nítorí ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní àbùlà níbí.

Fún ẹni tó ń gbé ní Súrùlérè, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yàbá, tí ẹṣin rẹ̀ sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni iye ọjọ́ tí ó lè fojú kàn án láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan, iṣẹ́ ọjọ́ yòókù di ti olùtọ́jú ẹṣin, ó sì yẹ kí àwọn méjèèjì jọ ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojúmọ́ sí: ìṣẹ́jú mélòó ni ẹṣin rìn, ibo ni ó rìn dé, ṣé ẹsẹ̀ kan gbóná ju ìyókù lọ nígbà tí a fi ọwọ́ pa á láàárọ̀. Ooru ẹsẹ̀ yìí máa ń ṣáájú ìtiro, ẹni tó bá sì kà á nínú ìwé náà lè pe dókítà ẹran kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Ara ẹlẹ́ṣin náà kò gbẹ́yìn: ìbàdí tó le kò lè tẹ̀lé ẹ̀yìn ẹṣin, èyí sì jẹ́ ìdajì iṣẹ́ tí a lè ṣe láìdé Ìjẹ̀bú-Òde, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú sísáré àti nína ara ní àyíká pápá ìṣeré ńlá Súrùlérè.

Àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà kò jẹ́ kí Ojúde Ọba wáyé ní 2020. Ẹni tí gbogbo àfojúsùn rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn pàdánù ọdún náà. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ kí ẹṣin rẹ̀ mọ ìdúró àti ìyípadà kò pàdánù nǹkan kan, nítorí ẹṣin kò mọ̀ pé wọ́n fagi lé ọdún.

Lẹ́yìn àjọ̀dún, kí ẹṣin sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí dókítà ẹran yẹ eyín rẹ̀ wò, nítorí eyín ẹṣin kì í yé hù, igun mímú rẹ̀ a sì máa gé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin ń pè ní agídí sí ìjánu. Àsìkò yìí, tí ojú ṣì ń rí ohun tó kùdíẹ̀ káàtó, ló dára jù láti kọ àfojúsùn ọdún tó ń bọ̀, kí a sì wo iwájú ju ọdún kan lọ. Ọmọ ẹṣin tó bá pé ọdún mẹ́rin ní 2026 yóò pé mọ́kànlá ní 2033, nígbà tí Iléyá yóò ti sún dé nǹkan bí oṣù Kẹta, tí ilẹ̀ yóò le, tí koríko yóò ti gbẹ, tí gbogbo ìgbáradì rẹ̀ yóò sì ti bọ́ sí inú ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn. Pátákò tó ń rin ilẹ̀ rírọ̀ lásìkò òjò ní ọdún díẹ̀ sí i ni yóò máa rin ilẹ̀ líle nígbà náà, ẹni tó bá sì fẹ́ kó gbà á gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú un rìn lórí ilẹ̀ líle díẹ̀díẹ̀, kí ọdún náà tó dé.