Ihò dúdú tí ojú kò rí: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìwúwo rẹ̀?

Láti ọdún 2022 tí awò awọ̀nàjínjìn James Webb ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìròyìn àwọn àmì pupa kéékèèké tó ń rí lọ́nà jíjìn réré kò tán nílẹ̀. Wọ́n á ní ihò dúdú ló wà nínú wọn, wọ́n á tún sọ pé ìwúwo rẹ̀ tó ti oòrùn wa lọ́nà mílíọ̀nù báyìí-báyìí. Ta ló gbé ihò dúdú sórí ìwọ̀n?

Kò sẹ́ni tó gbé e. Gáàsì tó yí i ká ló ń jẹ́rìí.

Tí ìmọ́lẹ̀ gbígbóná tó ń jáde nítòsí ihò náà bá kọlu gáàsì, gáàsì á gba agbára rẹ̀, á sì tú u sílẹ̀ ní àwọ̀ kan pàtó. Háídírójìn ní pupa kan tirẹ̀ tó wà ní nànómítà 656.3. Bí wọ́n bá ya ìmọ́lẹ̀ náà sí àwọ̀ òṣùmàrè, ìlà tín-ín-rín ló yẹ kí pupa yẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1943, Carl Seyfert, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ fẹ̀ gbàgà láàárín wọn. Eré ló fẹ̀ ẹ́. Gáàsì tó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sún sí búlúù. Tèyí tó ń lọ á sún sí pupa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ni gáàsì náà ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo! Bí ìlà bá ṣe fẹ̀ tó ni eré ṣe pọ̀ tó, bí eré bá sì ṣe pọ̀ tó ni ohun tó ń fà á ṣe wúwo tó.

Àmọ́ eré nìkan kò tó, ó yẹ kí a mọ bí gáàsì ṣe jìnnà sí ihò náà. Ibí yìí ni ọgbọ́n wọn ti wù mí jù. Ìmọ́lẹ̀ àárín a máa pọ̀ sí i, a máa dín kù. Tó bá sì yá, ìlà gáàsì á ṣe bákan náà, bí ìgbà téèyàn kígbe sí àpáta tó sì ń dúró kí ohùn padà. Nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ NGC 5548, ìdádúró náà tó bí ogúnjọ́ nígbà kan. Iye ọjọ́ yẹn ni ìmọ́lẹ̀ fi rìn dé ibi tí gáàsì wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò ọ̀nà jíjìn rẹ̀. Lọ́dún 2018, awò ńlá mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀ ní Paranal, lórílẹ̀-èdè Chile, tilẹ̀ fi hàn pé gáàsì tó wà láàárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní 3C 273 ń yí ihò dúdú po lóòótọ́. Ihò dúdú ibẹ̀ wúwo tó nǹkan bí oòrùn 300 mílíọ̀nù.

Àwọn àmì pupa Webb kò rọrùn báyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí náà ìbú ìlà ni wọ́n ń wò, wọ́n á wá fi ìṣirò tó bá àwọn ti ìtòsí mu gbé ìwúwo jáde. Àwọn onímọ̀ kan sì ti ń jiyàn pé gáàsì ibẹ̀ ki gan-an, pé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń forí sọ ẹ̀lẹ́ktírọ́nì nínú rẹ̀ lè mú ìlà fẹ̀ láìjẹ́ pé eré pọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwúwo tí wọ́n ń kéde lè fi ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju òótọ́ lọ. Ní tèmi, ó jọ pé wọ́n lẹ́jọ́ rò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àríyànjiyàn ṣì ń lọ.

Tí ẹ bá tún ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó bóyá ọjọ́ ni wọ́n kà, tàbí ìbú ìlà nìkan ni wọ́n wọ̀n.