Ìjọra Kì Í Ṣe Ẹ̀rí: Àwa àti Àwọn Mùsùlùmí Ilẹ̀ Java

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tí ó dá ọmọ ènìyàn ní oríṣiríṣi ẹ̀yà. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ nínú jàmáà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Bí a bá gbọ́ pé àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ òkèèrè ń ṣe ohun kan bí àwa náà ti ń ṣe é, àwọn kan á ní, "Ẹ ò rí i pé ẹ̀sìn ni!" Àwọn mìíràn á ní, "Ìran kan náà ni wá, ọ̀nà ló kàn jìn." Ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ Indonéṣíà, pàápàá erékùṣù Java, yẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì wò. Ibẹ̀ jìn sí wa ju 10,000 kìlómítà lọ. Màsíábù Ṣáfíì ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ti Màlíkì ni tiwa. Mo ti bá àwọn àlhájì wọn jókòó rí ní Mínà, a jọ fi èdè Lárúbáwá tàkúrọ̀sọ, ìjọra tí mo sì bá níbẹ̀ pọ̀.

Èkíní ni orúkọ ọjọ́. Àwọn àgbà wa a máa pe Ìṣẹ́gun ní Àtàláátà, Ọjọ́rú ní Àlàrùbá, Ọjọ́bọ̀ ní Àlàmísì, Ẹtì ní Jímọ̀. Tiwọn ni Selasa, Rabu, Kamis, Jumat. Àwa ní wákàtí, wọ́n ní waktu. Àwa ní sààrì, wọ́n ní sahur. Kànga kan náà ni a jọ ti pọn ọ́n, èdè Lárúbáwá ni. Àwọn oníṣòwò àti àwọn àáfà ló gbé e káàkiri. Ibn Battuta, ọmọ ilẹ̀ Mòrókò, dé Sumatra ní ọdún 1345, ó sì dé ilẹ̀ Mali níbi tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1352. Ẹnì kan ṣoṣo fi ojú ara rẹ̀ rí ẹkùn méjèèjì!

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ sààrì ni a yá, a kò yá ìlù rẹ̀. Nílùú wa, àwọn ọ̀dọ́ a máa kọrin wéré láti jí ènìyàn. Inú wéré yìí ni olóògbé Síkírù Àyìndé Barrister ti mú fújì jáde. Ní Java, àwọn ọ̀dọ́ tiwọn a máa lu igi ọparun àti ìlù kiri àdúgbò. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ẹnì kejì. Oorun ló ń kun gbogbo wa, kálukú sì mú ohun tí ó wà nílé rẹ̀.

Èkejì ni ọjà. Ọjọ́ márùn-ún ni ọ̀sẹ̀ ọjà wọn: Legi, Pahing, Pon, Wage, Kliwon. Àwa náà ní ọjà ọrún-ọrún. Tiwa jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin gan-an, a máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ni. Islam kọ́ ló mú èyí wá sí ibi méjèèjì. Àgbẹ̀ kò lè fi oko sílẹ̀ lójoojúmọ́, oníṣòwò tó ń fẹsẹ̀ rìn sì gbọ́dọ̀ yí ìlú púpọ̀ ká. Ní ọdún 1633, Sultan Agung, ọba Mataram ní Java, yí kàlẹ́ńdà wọn padà kí ó lè máa tẹ̀ lé oṣù Híjírà, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ọjọ́ ọjà.

Ẹ̀kẹta ni ọdún. Nígbà Ìtunu Ààwẹ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ní Indonéṣíà a máa fi Jakarta àti àwọn ìlú ńlá sílẹ̀ lọ sí ilé bàbá wọn. Mudik ni wọ́n ń pè é. Ní Java, ọmọ á kúnlẹ̀ fún òbí, á tọrọ àforíjì. Ọdún ńlá ni tiwa, orúkọ rẹ̀ pàápàá sọ ọ́: Ilé-yá. Èkó á tú, Ìjẹ̀bú á kún, lọ́jọ́ kẹta a ó wà ní Òjúde Ọba. Iṣẹ́ ló kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú ńlá níbí àti lọ́hùn-ún. Ọdún ló ń dá wọn padà.

Kí wá ni èrè ọ̀rọ̀ yìí? Bí ìjọra bá lè ti inú ọ̀rọ̀ àyálò wá, tí ó sì lè ti inú àìní ọmọ ènìyàn wá, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀rí pé ìran kan ni wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan jẹ́ ẹ̀sìn. Ìrun Yídì àtàwa àtàwọn, ọ̀kan náà ni. Ẹran Iléyá, súnnà ni fún ẹni tí agbára rẹ̀ ká a. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò lọ sílé, àti aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àṣà ni. Àṣà dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, Òjúde Ọba dùn ún wò. Àmọ́ lọ́dọọdún ni a ń rí ẹni tó yá owó èlé nítorí aṣọ ọdún, tí ó ní òun kò fẹ́ kí ẹ̀sìn òun dín. Èlé, harámù ni. Aṣọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ọ̀ranyàn. Ó ti fi ohun tí Ọlọ́run kọ̀ ra ohun tí Ọlọ́run kò bi í.

Súrà Al-Hujurat, áyà 13, ti sọ ìdí tí a fi jẹ́ ẹ̀yà-ẹ̀yà fún wa: kí á lè mọ ara wa. Ẹni tó bá mọ ẹlòmíràn dáadáa yóò tètè mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀sìn nínú ohun tí òun gan-an ń ṣe, àti èyí tó jẹ́ àṣà ilé.

Ọlọ́run ló mọ̀ jù.